Iná ń kú lóru, bẹ́ẹ̀ bátìrì sólà ń sọ pé òun ṣì ní 60%

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bátìrì mi jẹ́ lithium 48V, irú LiFePO4 oní-sẹ́ẹ̀lì 16. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ínfátà ti ń kú lójijì lóru, àgàgà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá fẹ́ gbéra. Ojú rẹ̀ á ṣì máa kọ 60%.

Lánàá mo jókòó tì í, mítà lọ́wọ́ mi. Kí ẹ̀rọ tó gbéra, 52.3V ló wà lẹ́nu bátìrì àti lẹ́nu ínfátà. Bó ṣe gbéra báyìí, ẹnu bátìrì wá sí 51.4V, ṣùgbọ́n ti ínfátà já sí 47.6V. 48V ni mo ní kó máa gé iná! Mo pa gbogbo rẹ̀, mo wá fọwọ́ kan orí wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wọ ibi fíúsì gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ sì ti rọ̀. Àwọn yòókù tutù.

Ẹni tó bá mi so ó ní kí n kàn sọ 48V yẹn di 44V. Ọkàn mi ò gbà á, torí ooru yẹn ò ní torí ìyẹn lọ, mi ò sì fẹ́ kí ilé jóná mọ́ wa lórí.

Ṣé kí n tún orí wáyà yẹn tẹ̀ ni, àbí kí n pààrọ̀ wáyà àti fíúsì pa pọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo shunt, ìyẹn ohun tó ń ka iná tó ń wọ bátìrì àti èyí tó ń jáde, ńkọ́, ṣé ó ń sọ òtítọ́ ju 60% ojú ínfátà yìí lọ?