Ìjàpá ọdún 1977 tó ń gbóná lójú ọ̀nà márosẹ̀: ṣé ẹ́ńjìnnì ló ti kú ni?

Oníjàpá, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ọkọ̀ Volkswagen ìjàpá kan wà lọ́wọ́ mi, ẹ́ńjìnnì 1300, tí bàbá mi rà ní tuntun ní ọdún 1977, nígbà tí wọ́n ṣì ń tò wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Badagry. Ara rẹ̀ ṣì le. Ìpẹtà díẹ̀ wà níbi tí bátìrì jókòó sí lábẹ́ àga ẹ̀yìn, mo sì ti bá wẹ́dà sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Bí mo bá ń lò ó láàárín ìgboro, láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀, kò ní wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e bọ́ sí òpópónà márosẹ̀ tó lọ sí Èkó, kí n tó dé Ògèrè ni agbára rẹ̀ yóò ti máa dínkù, òórùn ọ́ìlì tó ń jóná yóò máa wọlé tọ̀ wá, bí mo bá sì dúró díẹ̀, iná ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bí mo bá wá pa á láti ra epo, kò ní jí mọ́. Màá gbọ́ kí ó dún “tá” lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ọkọ̀, kò sì ní ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí a tì í, tàbí kí a jókòó dè é títí ara rẹ̀ yóò fi tutù.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní ẹ́ńjìnnì náà ti gbó, pé kí n lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Kí n tó ná irú owó bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ mọ ohun tí èmi fúnra mi lè yẹ̀ wò nílé, nítorí mo ní sípánà, mo ní jáàkì, ọwọ́ mi sì máa ń dilẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ohun kan tí mo kíyè sí nígbà tí mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn ni pé rọ́bà tó yẹ kó yí ẹ́ńjìnnì ká kò sí níbẹ̀ mọ́, débi pé mo ń rí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ihò ńlá méjì tún wà lára ilé fáànù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí afẹ́fẹ́ ń tú jáde láti inú wọn gbùù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì ní kò burú, pé ọ̀nà híítà àwọn òyìnbó ni, tí a kò nílò ní ilẹ̀ wa. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Mẹkáníìkì, Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, má tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan. Ìdáhùn tí ò ń wá wà nínú ohun tí o sọ kẹ́yìn yẹn.

Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò sì ní omi. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ àti ọ́ìlì tó ń yí ká inú rẹ̀ ló ń tù ú lára. Fáànù a máa fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú yàrá ẹ́ńjìnnì, a sì máa tì í gba inú páànù tó bo àwọn sílíńdà kọjá. Afẹ́fẹ́ náà yóò gbé ooru wọn, yóò sì jáde sí abẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà àti páànù ẹ̀gbẹ́ tí o ní kò sí mọ́ yẹn ni ògiri tó pààlà sáàárín afẹ́fẹ́ tútù òkè àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀. Nígbà tí ògiri kò bá sí, ooru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni fáànù yóò tún fà wọlé, ẹ́ńjìnnì yóò sì dà bí ẹni tó da aṣọ òfì borí sùn lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú ìgboro, ìrìn kì í gùn tó kí ooru náà tó gorí ara wọn. Lójú ọ̀nà Èkó, ó ti tó, ó tún ti lé.

Ní ti ihò méjèèjì, mẹkáníìkì rẹ kò parọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Òótọ́ ni pé ọ̀nà híítà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ páìpù híítà gbọ́dọ̀ dí ojú ihò náà, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ jáde kò ní dé ọ̀dọ̀ sílíńdà mọ́. Gé páànù róbótó méjì tó bá ẹnu wọn mu, kí o sì dè wọ́n dáadáa. Rọ́bà ní tirẹ̀ kò ṣòro láti rí, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ararọ̀mí ní Gate lè bá ọ wá a.

Sílíńdà kẹta ni kí o máa ṣọ́ jù. Bí o bá dúró sẹ́yìn ọkọ̀, òun ni ti iwájú lápá òsì. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, inú ilé fáànù gan-an ni kúlà ọ́ìlì, èyí tó ń tu ọ́ìlì lára, dúró sí, lókè sílíńdà yẹn, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ti kọ́kọ́ gba ara kúlà, tó ti gbóná, ni ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Volkswagen tún èyí ṣe lára àwọn ọkọ̀ ọdún 1971: wọ́n kó kúlà sínú àpótí kékeré tirẹ̀ lẹ́yìn ilé fáànù, kí afẹ́fẹ́ tó gba inú rẹ̀ lè bá ọ̀nà ọ̀tọ̀ jáde. Má fi ọdún tí wọ́n rà á ṣe ẹ̀rí o, nítorí ẹ́ńjìnnì ìjàpá a máa ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn. Tan iná sí ẹ̀yìn ilé fáànù, kí o fi ojú ara rẹ rí èyí tí o ní.

Lẹ́yìn èyí, fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́lítì láàárín. Bí ó bá wọlé tó nǹkan bíi mìlímítà 15, ó dára. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, fáànù kò yí tó. Àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín abala púlì méjèèjì lókè. Èyí tí o bá yọ níbẹ̀ láti mú bẹ́lítì le, ìta púlì náà ni kí o fi sí, má sọ ọ́ nù. Bẹ́lítì kan ṣoṣo yìí ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù pọ̀. Nítorí náà, bí iná jẹnẹrétọ̀ bá tàn lójú ọ̀nà, má sọ pé kí o kàn délé ná. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí o sì pa á.

Ọ́ìlì lítà méjì àtààbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà, kò sì ní fílítà bíi ti ọkọ̀ òde òní, bí kò ṣe asẹ́ onírin kan nísàlẹ̀. Pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 5,000 ó pẹ́ tán, kí o sì tú asẹ́ náà wò nígbà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà ló dì í mú, ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni a fi ń dì wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ìjàpá tó ń kán ọ́ìlì sílẹ̀ lónìí, ẹni tó fi agbára dì nọ́ọ̀tì wọ̀nyí ló bà á jẹ́. Bí o bá rí èérún irin tó ń dán nínú asẹ́, a óò tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.

Táímìn náà, ìyẹn àkókò tí iná púlọ́ọ̀gì ń tan epo nínú sílíńdà, ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n dísítíríbútọ̀ tó wà lára ọkọ̀, èyí tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ló ń sọ iye tí a ó fi í sí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì a máa fi etí gbọ́ ọ, wọn a sì sún un síwájú títí tí ọkọ̀ yóò fi máa fò, láìmọ̀ pé orí sílíńdà ni wọ́n ń sè.

Atúnṣe Nílé, Òṣogbo

Mo gbà pẹ̀lú bàbá ní gbogbo ọ̀nà, àfi lórí ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kí ẹ tó ra rọ́bà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ di púlì ìsàlẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ tì í síwájú, kí ẹ sì fà á sẹ́yìn. Tí ó bá ń dún “kọ́, kọ́”, tí ẹ ń fi ojú rí ìrìn rẹ̀, kíránkì, irin tó ń yí púlì náà, ti ń rìn nínú ilé rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí rọ́bà tó lè wo ìyẹn sàn. Ìrìn tó yẹ kó wà níbẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.07 sí 0.13, bí ó bá ti kọjá 0.15, a gbọ́dọ̀ tú ẹ́ńjìnnì. Ojú kò lè wọn èyí pé pérépéré, ṣùgbọ́n èyí tó burú gan-an kì í fara pamọ́ fún ọwọ́.

Ohun mìíràn ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín da ọ́ìlì tó ki bí oyin sínú rẹ̀ nítorí iná tó ń ṣẹ́jú. Yóò pa iná náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ̀ mọ́ bóyá ooru ti dínkù tàbí kò dínkù.

Ìyá Ìbejì, Birmingham

Oníjàpá, ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá. Ọ̀rọ̀ sítátà ni mo fẹ́ dá sí, nítorí ìjàpá tèmi níhìn-ín ṣe irú rẹ̀ fún mi láàárín ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó. “Tá” tí ẹ ń gbọ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ẹ́ńjìnnì. Iná tó ń pe sítátà máa ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá síwájú sí ibi kọ́kọ́rọ́, kí ó tó padà sẹ́yìn. Nínú wáyà tó ti lé ní ogójì ọdún, agbára rẹ̀ á ti dínkù kó tó débẹ̀, nígbà tí sítátà náà bá sì ti gbóná, ó nílò ju èyí tó ń rí gbà lọ. Ẹ ní kí onírewáyà fi rìléè kan sí ẹ̀bá sítátà, kí ó máa gba iná tààrà láti ara bátìrì, kí wáyà kọ́kọ́rọ́ sì máa pàṣẹ fún rìléè nìkan. Ẹ kọ́kọ́ fọ ojú wáyà ilẹ̀ tó ti ara bátìrì wá àti èyí tó so jíábọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀, nítorí nígbà mìíràn ìyẹn nìkan ti tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì epo ṣeré. Iná ti jó ìjàpá púpọ̀ nítorí họ́ọ̀sì tó gbẹ tí ó sán, tí epo sì ń kán sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pátá, láti abẹ́ táńkì níwájú títí dé kábúrétọ̀, pẹ̀lú èyí tó wà lókè jíábọ́ọ̀sì tí ojú kì í rí. Bí ẹnikẹ́ni bá so fílítà epo rọ̀ sókè dísítíríbútọ̀, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Àti bátìrì yẹn: bí wẹ́dà bá parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ rí i pé ìdérí wà lórí bátìrì, torí bí ẹni tó sanra bá jókòó sẹ́yìn, irin àga lè kan orí bátìrì, kí koríko inú àga sì gbiná.

Ará São Paulo

Níbí, Fusca ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣe é ní São Bernardo do Campo láti ọdún 1959 títí di 1986, wọ́n sì tún padà sí i láti 1993 sí 1996 nígbà tí ààrẹ Itamar Franco rọ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí pé láti Brazil ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ ti wá, wọ́n sì ṣì ń ṣe ẹ̀yà Fusca níbí. Gbogbo rọ́bà tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká, ìdérí ihò híítà àti páànù ẹ̀gbẹ́ ni a ń rí ní tuntun. Wọn kò wúwo, ẹni tó bá ń bọ̀ nílé lè kó wọn sínú àpò. Ẹ fi àwòrán ilé fáànù ránṣẹ́ kí n tó rà, kí n lè mọ irú kúlà tí ẹ ní, torí páànù wọn kò bára mu.

Oníjàpá, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti dí ihò méjèèjì. Púlì ìsàlẹ̀ kò dún rárá, asẹ́ ọ́ìlì sì mọ́, kò sí èérún irin nínú rẹ̀. Kúlà wà nínú ilé fáànù gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Màá fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí São Paulo lálẹ́ yìí. Nígbà tí mo wá ń wọn àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àyè kékeré tó wà láàárín fáàfù àti irin tó ń tì í, láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn yòókù kò jìnnà sí mìlímítà 0.15 tó wà nínú ìwé ọkọ̀, ṣùgbọ́n ti fáàfù tó ń lé èéfín jáde ní sílíńdà kẹta kò ní àlàfo rárá, abẹ tó tín-ín-rín jù lọ nínú géèjì mi, èyí tó jẹ́ 0.05, kọ̀ láti wọlé. Bàbá, kí ni èyí túmọ̀ sí?

Bàbá Mẹkáníìkì, Abẹ́òkúta

O ṣe dáadáa tí o wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Fáàfù tí kò ní àlàfo kì í padé tán, gáàsì tó ń jó yóò máa gba ẹnu rẹ̀ jáde, yóò sì máa sun ún. Ara ibi tí agbára ọkọ̀ rẹ ń gbà lọ nìyẹn.

Ó lè jẹ́ pé ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn ló fò ó, ó sì lè jẹ́ pé fáàfù náà ti ń gùn nítorí ooru. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ lónìí. Fi gbogbo wọn sí 0.15: bẹ̀rẹ̀ láti sílíńdà kìíní nígbà tí àmì púlì bá wà lókè, tí rótọ̀, èyí tó ń yí nínú dísítíríbútọ̀, sì kọjú sí àmì tó wà létí dísítíríbútọ̀ náà, lẹ́yìn náà kí o máa yí púlì sẹ́yìn ní ìlàjì ìyíká, ìkejì á kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ìkẹta, lẹ́yìn rẹ̀ ìkẹrin. Kọ kìlómítà ọkọ̀ sínú ìwé, lò ó nínú ìgboro tó kìlómítà 500, kí o tún wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kí o tó jí i. Bí ìkẹta ṣì bá di 0.15 rẹ̀ mú, àìtọ́jú ni, kó o máa gbádùn ọkọ̀ rẹ. Bí ó bá ti tún pa ojú dé, fáàfù ń fà gùn nìyẹn, bí a bá sì fi í sílẹ̀, orí rẹ̀ lè já bọ́ sórí písítìnì. Nígbà náà, a óò sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, a óò sì tú orí sílíńdà apá òsì nìkan. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíábọ́ọ̀sì, kì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó dẹ́rù bà ọ́, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti tòkunbọ̀ Ládípọ̀.

Kí o tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, má gbé e lọ sí Èkó. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára dísítíríbútọ̀ náà, kọ ọ́ síbí fún mi kí a lè sọ̀rọ̀ táímìn.