Ìtàn Hull House ní Chicago, àti bí a ṣe lè dá ilé àpapọ̀ tiwa sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹgbẹ́ wa ní Chicago fẹ́ háyà ilé fún àwọn ọmọ àti àwọn ìyá àgbà. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ wo ìtàn Hull House, ilé àpapọ̀ àtijọ́ kan níbí tó ń ran àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́. Kí ló wà níbẹ̀ tó lè wúlò fún wa?

ÈSÌ: Ẹ kú ìmúra, ẹ̀gbọ́n. Jane Addams àti Ellen Gates Starr ló ṣí i ní oṣù kẹsàn-án 1889, ní òpópónà Halsted, láàárín àwọn ará Ítálì, Jámánì àti àwọn Júù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kó tó di 1910, ó ti di mẹ́tàlá. Jẹ́lé-ó-sinmi wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, torí ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ kò ríbi fi ọmọ sí.

Ilé ìdáná wọn ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Wọ́n fẹ́ máa ta oúnjẹ aṣaralóore lówó pọ́ọ́kú, ìlànà tí wọ́n lọ kọ́ ní Boston ni wọ́n sì fi ń sè é. Àwọn ará àdúgbò ò rà á. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ohun tí ẹnu wọn mọ́ kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná. Ilé kọfí ibẹ̀ ló wá rọ́wọ́ mú. Torí náà, ẹ lọ láti ojúlé dé ojúlé kẹ́ ẹ tó san owó ilé: ọmọ mélòó, ọdún mélòó, ìgbà wo ni òbí ń ti ibi iṣẹ́ dé. Hull House náà padà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1895, wọ́n tẹ àwòrán ilẹ̀ àdúgbò jáde, wọ́n fi àwọ̀ sàmì sí ilé kọ̀ọ̀kan: ìlú tí wọ́n ti wá àti owó tó ń wọlé fún wọn lọ́sẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti 1900. Addams rí i pé àwọn ọmọ ń fojú tín-ínrín òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣètò ibi táwọn ìyá ti ń ran òwú, tí wọ́n ń hun aṣọ, lójú àwọn ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wa tó mọ àdìrẹ ṣe olùkọ́, kí wọ́n má kàn jókòó síwájú bí àlejò pàtàkì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ṣé, àǹtí. Kí ló dé tí kò sí mọ́?

ÈSÌ: Ẹ jẹ́ n fi kún ti àǹtí. Ìlú fi ilẹ̀ náà fún Yunifásítì Illinois. Wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù ní 1963, ilé méjì péré ló kù, ó ti di mùsíọ́ọ̀mù. Ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́ lọ láwọn àdúgbò mìíràn, àmọ́ owó ìjọba ni wọ́n gbára lé jù, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ní oṣù kìíní 2012. Ẹ jẹ́ kí owó yín máa ti ọ̀nà mẹ́ta wá, ó kéré tán: owó ọmọ ẹgbẹ́, owó gbọ̀ngàn, ẹ̀bùn.

Ní ti ìwé: ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìdásílẹ̀ pé bí ẹgbẹ́ bá tú ká, ẹgbẹ́ aláàánú mìíràn ni dúkìá máa lọ bá. Ẹ gba EIN, nọ́ḿbà tí ìjọba fi ń dá ẹgbẹ́ mọ̀, lọ́dọ̀ IRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀; ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù 1023-EZ, tí ẹ fi ń bẹ IRS pé kí ẹgbẹ́ má san owó orí, 275 dọ́là, bí owó tó ń wọlé kò bá ní ju 50,000 dọ́là lọ lọ́dún, tí dúkìá kò sì ju 250,000 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, 1023 gidi ni, 600 dọ́là.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣubú ni 990-N, ìwé ìfitónilétí kúkúrú tí ẹgbẹ́ kékeré ń fi ránṣẹ́ sí IRS lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún. Bí ọdún mẹ́ta bá tẹ̀ léra láìfi í ránṣẹ́, IRS á gba àṣẹ àìsan owó orí náà padà. Ohun tó máa ń fà á ni pé akọ̀wé kan ṣoṣo ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ fi í sọ́wọ́ èèyàn méjì. Bí ọdún ìṣírò yín bá parí ní December, 15 May ni gbèdéke.