Irú eré tuntun wo ni ẹ ń retí lórí ìtàgé Èkó ní òpin ọdún yìí?

Ọmọ Ìyá Aláró, Sùúrùlérè:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Àsìkò tí àwọn ilé eré ìlú Èkó máa ń kó eré tuntun jáde ti sún mọ́lé. Láti ìparí oṣù Bélú títí wọ inú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni àwọn ọmọ wa tí ń bẹ lókè òkun máa ń wálé, àwọn olóòtú eré sì mọ̀ pé ìgbà náà ni gbọ̀ngàn lè kún. Bí a bá yọ àsìkò Àjíǹde kúrò, kò sí ìgbà mìíràn nínú ọdún tí eré olórin ńláńlá ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni irú eré tí ẹ ń retí, kì í ṣe orúkọ òṣèré tí ẹ fẹ́ràn. Bọ́láńlé Austen-Peters gbé Saro jáde ní ọdún 2013, Wakaa tẹ̀lé e ní 2015, ó sì dé London ní ọdún kejì. Eré nípa Fẹlá àti àwọn ìyàwó rẹ̀ wáyé ní 2017, ti Mọremí sì dé ní 2018. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ará Èkó yóò sanwó wo eré olórin bí iṣẹ́ inú rẹ̀ bá dára. Mo ti wo eré olórin tó pọ̀ díẹ̀ láti ọwọ́ ẹgbẹ́ lóríṣiríṣi, ijó wọn, aṣọ wọn àti ìlù wọn sì máa ń wú mi lórí gidigidi.

Ṣùgbọ́n mo mú ìyá mi lọ wo ọ̀kan nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Òṣogbo ni màmá dàgbà sí, wọn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí orin ń lọ, wọ́n ń ju èjìká, inú wọn ń dùn. Bí orin bá ti dákẹ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn a tẹ̀ sí mi létí, wọn a ní, “Kí ni ó wí?” Ìtàn Yorùbá ni, orúkọ Yorùbá ni gbogbo wọn ń jẹ́, ọba tó dé adé ni ó jókòó sórí ìtẹ́, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọba ń sọ sí àwọn ìjòyè rẹ̀. Nígbà tí eré yóò fi dé ìdajì, màmá kò béèrè nǹkan kan mọ́.

Ìbéèrè mi nìyí. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ń retí eré tuntun tí wọ́n fi Yorùbá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí òǹkọ̀wé ìgbà tiwa kọ? Wọ́n ti tún ilé eré Ìgánmú ṣí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, wọ́n sì ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é. Kí ni ó yẹ kí a máa rí níbẹ̀?

Òǹkàwé Eré, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yìí. Ohun tí ẹ ń béèrè fún kì í ṣe ohun àjèjì rárá. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ nípa ọgbà Édẹ́nì sórí ìtàgé ní Glover Hall ní ọdún 1944, ìjọ kan tí ń wá owó tí yóò fi kọ́ ilé ìsìn ni ó ṣe é fún, Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é. Eré olórin ni. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni ó ṣe Yorùbá Ronú, eré tí ó dun ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà débi pé wọ́n fòfin dè é láti ṣeré ní gbogbo ẹkùn náà. Ẹ wo bí èdè ti lágbára tó lórí ìtàgé nígbà tí àwọn tí ń wò ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe Lánkẹ́ Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn, Dúró Ládiípọ̀ sì ṣe Ọba Kò So ní Òṣogbo ní ọdún yìí kan náà. Bóyá màmá yín rí i. Wọ́n gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964 àti sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, wọn kò sì yí èdè rẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1981 ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn níhìn-ín ni wọ́n ti ṣe é, nítorí kò sí gbọ̀ngàn tí ó lè gba èrò tí ó wá wò ó.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Sinimá gba àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ ìtàgé. Ògúndé fúnra rẹ̀ gbé Aiyé jáde ní 1979, fídíò sì dé lẹ́yìn ìyẹn. Owó epo ọkọ̀ di ohun tí ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò kò lè dá mọ́, ẹ̀rù olè kò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn jáde lálẹ́. Àwọn tó ṣẹ́kù sórí ìtàgé ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè iṣẹ́. Ohun kan máa ń dùn mí nínú ìtàn yìí. Nígbà FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo ayé, ní 1977, Langbodo tí Wálé Ògúnyẹmí kọ ni Nàìjíríà fi ṣojú ara rẹ̀ nínú eré orí ìtàgé. Inú ìwé Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ ní Yorùbá ni wọ́n ti fa ìtàn náà yọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀ fún gbogbo ayé.

Níbi kan, n kò bá àwọn tó ń ráhùn pé ìtàn ọba àti olorì ti pọ̀ jù fohùn ṣọ̀kan. Ìtàn àtijọ́ kì í gbó bí ojú tí a fi wò ó bá tuntun. Ládiípọ̀ mú ìtàn ẹlẹ́ṣin ọba Ọ̀yọ́, ẹni tí ó yẹ kí ó bá ọba kú ṣùgbọ́n tí òyìnbó dá dúró, ó fi ṣe Ọba Wàjà. Ṣóyínká mú ìtàn yìí kan náà, ó kọ Death and the King's Horseman tí ó jáde ní 1975. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì yóò rí i pé eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, nítorí Ládiípọ̀ fi ẹ̀bi púpọ̀ lé àwọn òyìnbó lórí, nígbà tí Ṣóyínká ń wo inú ọkàn ẹlẹ́ṣin náà fúnra rẹ̀. Ohun tí mo ń retí ní òpin ọdún yìí ni òǹkọ̀wé tí yóò bi ìtàn àtijọ́ ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í. Mọremí tí ó fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo rúbọ, ta ni ó ti jẹ́ kí Olúọrogbo sọ tirẹ̀ lórí ìtàgé bí ó ti yẹ?

Alùdùndún, Muṣin:

Onílù ni mí, mo sì ti lu ìlù fún eré olórin ní Èkó yìí. Èdè nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, orin pẹ̀lú wà níbẹ̀. Nígbà ìdánrawò, ẹni tí ó kọ orin a gbé ohùn orin tí ó ti fi dùùrù ṣe wá, lẹ́yìn náà ni wọ́n a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ yẹ kí ó gòkè, orin a fà á wálẹ̀, “owó” a di “òwò” létí ẹni tí ó gbọ́ èdè. Ìṣòro yìí ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú orin ìsìn òyìnbó. Àwọn bíi J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, tí ó lọ gba orin sílẹ̀ ní London ní 1922, ni wọ́n fi hàn pé a lè kọ orin ìyìn kí ó sì tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá, ó yẹ kí eré olórin ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Ohun kejì ni ibi tí wọ́n ń gbé onílù sí. Wọ́n a tì wá sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí iwájú ìlù, wọ́n a ní kí a máa gbọ́ dùùrù. Dùndún kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú mi gbọ́dọ̀ wà ní ẹsẹ̀ òṣèré. Bí ó bá fẹ́ yí padà, èjìká rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún mi, ọwọ́ òsì mi a sì ti fún ọṣán kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Bí ọba bá sọ̀rọ̀, ìlù ni ó yẹ kí ó dá a lóhùn, kí ó fi oríkì gbé e dìde. Eré tí mo ń retí ni èyí tí olùdarí yóò pe onílù láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdánrawò, nígbà tí wọ́n ṣì ń ka ọ̀rọ̀ inú ìwé, tí yóò sì gbé wa sí ojútáyé.

Ìyá Àbẹ̀jẹ́, Ọ̀gbà:

Mo ti bá àwọn olóòtú eré ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn wọn. Eré olórin kan lè ní ju ogójì ènìyàn lọ lórí ìtàgé. Wọn yóò gba owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ní gbogbo ọjọ́ ìdánrawò, a óò rán aṣọ, a óò san owó gbọ̀ngàn, a óò ra epo sí ẹ̀rọ amúnáwá. Gbọ̀ngàn Terra Kulture ní Victoria Island gba bí 400 ènìyàn, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè gbé irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni a ń tọ̀ lọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń bi wá ni bóyá gbogbo ènìyàn ni yóò gbọ́ èdè rẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí ni ó ń fa Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ìkórìíra èdè wa.

Ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé ìbẹ̀rù náà ti pẹ́ jù. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ Renegade tí olóògbé Wọlé Ògúntókun dá sílẹ̀ gbé Ìtàn Ògìnìntìn lọ sí ilé eré Globe ní London. Eré Shakespeare ni, wọ́n sọ àwọn ọba inú rẹ̀ di Ṣàngó àti Ògún, wọ́n sọ ayaba di Ọya, Yorùbá ni wọ́n sì sọ. Àkọlé kúkúrú tí ó ń sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nìkan ni àwọn tí kò gbọ́ èdè rí kà lójú ẹ̀rọ, wọ́n sì jókòó wò ó. Bí ó bá ṣeé ṣe lọ́hùn-ún, kí ni ó dé tí kò fi lè ṣeé ṣe ní Èkó? Ẹ̀rọ tí ń tan ọ̀rọ̀ sí ara ògiri kò wọ́n tó aṣọ ọba méjì.

Ẹ má sì wo Ìgánmú nìkan. Gbọ̀ngàn ńlá ibẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún nǹkan bí 5,000 ènìyàn ṣòro fún eré tuntun tí kò tíì ní orúkọ láti kún. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ilé eré kéékèèké sí Orẹ̀gùn, Ìgándò, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Àárín àwọn tí ń sọ Yorùbá ní ọjà àti nílé ni wọ́n wà. Bí mo bá ní owó lọ́wọ́ lónìí, Ìgándò ni n óò ti kọ́kọ́ ṣe eré Yorùbá tuntun, ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí àwọn àgbà lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá dúró níbẹ̀, n óò wá gbé e lọ sí Victoria Island.

Àdùkẹ́ Sheffield:

Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2025, Mojisola Kareem darí eré Ṣóyínká tí ẹ dárúkọ yẹn ní ilé eré Crucible ní ìlú wa níhìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí orin àti oríkì ti wọlé ni àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ti naró jókòó. Mo fẹ́ kí àwọn olóòtú eré ní Èkó gbọ́ èyí dáadáa, nítorí orúkọ wa ni wọ́n fi ń ṣe àwíjàre: a kò fi owó ọkọ̀ òfurufú wálé ní oṣù Ọ̀pẹ kí a lè wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì wà níbí. Ẹ fún àwọn ọmọ wa ní Yorùbá, kí ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ògiri bí Ìyá Àbẹ̀jẹ́ ti wí, wọn yóò kà á.

Ọmọ Ìyá Aláró, Sùúrùlérè:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ohun tí Òǹkàwé Eré kọ fún màmá. Wọ́n ní àwọn rí Ládiípọ̀ ní Òṣogbo pẹ̀lú ojú ara wọn, wọ́n sì kọ orin kan nínú eré náà fún mi. Ní ọdún yìí, n óò kọ́kọ́ béèrè èdè tí wọ́n fi ṣe eré àti ibi tí onílù yóò jókòó sí kí n tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ìkéde eré tuntun kankan, yálà ní Erékùṣù ni tàbí ní Orẹ̀gùn tàbí Ìgándò, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ọ́ síhìn-ín: orúkọ eré, ẹni tí ó kọ ọ́, ilé eré, aago tí yóò bẹ̀rẹ̀, àti èdè tí àwọn òṣèré yóò máa sọ nígbà tí orin bá dákẹ́.