Ohun tí ń hù láàrin iyùn inú tánkì mi: ẹ̀yin onítánkì Àbújá, ẹ ràn mí lọ́wọ́

Ará Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Tánkì omi òkun mi gba lítà 200, ó sì ti pé ọdún kan tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀. Láti ara òkúta kan tí mo rà wá láti Èkó ni àwọn nǹkan kan ti jáde, tí wọ́n rí bí òdòdó, tí ara wọn mọ́ gaara, tí ọwọ́ wọn sì tín-ín-rín. Méjì péré ni wọ́n ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo fi ẹ̀mú fà wọ́n tu, mo sì fi ọ̀bẹ ha ìdí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé ní 30 báyìí, iyùn inú òkun (coral) tí wọ́n bá sì fara kàn a máa kó ara jọ. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé iyùn kan tí ó jìnnà sí wọn ti ń funfun láti ìgbà tí ooru oṣù Kẹta ti dé. Ṣé àwọn nǹkan wọ̀nyí náà ni ó ń pa á?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Gwarinpa:
Aiptasia ni ẹ ṣàpèjúwe yẹn, ẹranko òkun kékeré tí ó rí bí òdòdó, tí ó sì máa ń ta iyùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fà á tu mọ́, nítorí èérún rẹ̀ tí ó bá ṣẹ́kù sórí òkúta yóò di odidi mìíràn. Ọ̀bẹ yẹn ni ó sọ méjì di 30. Ní tèmi, mo máa ń pa ẹ̀rọ tí ń ru omi, n ó fa omi ọsàn kíkan tàbí kalkwasser (ìyẹ̀fun calcium hydroxide) tí mo pò mọ́ omi kí ó ki sínú sírínjì, n ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́nu kí ó tó sá wọ inú ihò. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tó lójúmọ́, nítorí kalkwasser a máa gbé pH omi (ìwọ̀n tí ń fi hàn bóyá omi kan) sókè, ọsàn a sì máa fà á wálẹ̀.

Edé peppermint a máa jẹ àwọn kéékèèké inú wọn, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá fẹ́ rà á. Èyí tí wọ́n ń pè ní camel shrimp jọ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí iké, ilà funfun sì wà lára pupa rẹ̀, iyùn gan-an ni ó lè jẹ fún yín. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù pẹ̀lú, nítorí èyí tí ẹja bá jẹ kù ni Aiptasia fi ń sanra.

Bàbá Àgbà, Kàdúná:
Òótọ́ ni Ìyá sọ, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti iyùn tí ó ń funfun. Iyùn kì í ṣe òkúta, ẹranko ni. Àwọn ohun ọ̀gbìn tíńtìntín tí wọ́n ń gbé inú ẹran ara rẹ̀ ni wọ́n ń fún un ní àwọ̀ àti ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Bí omi bá gbóná jù, iyùn yóò lé wọn jáde, yóò sì funfun. Bí ẹran ara bá ṣì bo egungun rẹ̀, kò tíì kú, ó sì lè padà bọ̀ sípò. Ẹ jẹ́ kí omi wà láàrin 24 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ẹ sì dín iná orí tánkì kù fún ìgbà díẹ̀. Fáànù kékeré tí ń fẹ́ sójú omi ni mo ń lò; nígbà tí iná ọba bá lọ, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì ni ó ń gba ẹ̀mí wọn là. Ṣùgbọ́n fáànù a máa mú kí omi gbẹ kíákíá, bí ọyẹ́ náà ti ń ṣe. Omi wo ni ẹ fi ń dí èyí tí ó gbẹ?

Ará Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Omi oníyọ̀ ni mo ti ń bù sí i láti ìgbà ọyẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó tán ni, 1.031 ni mo bá, lórí ìwọ̀n tí omi aláìníyọ̀ ti jẹ́ 1.000.

Bàbá Àgbà, Kàdúná:
Ìyọnu tí ó kún ti ooru nìyẹn. Omi nìkan ni ó ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ, nítorí náà omi aláìníyọ̀ tí a ti sẹ́ dáadáa ni kí ẹ máa fi dí i. 1.025 ni ẹ ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sáré. Ẹ máa bu nǹkan bí lítà 6 kúrò lóòjọ́, kí ẹ fi omi aláìníyọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n ní àràárọ̀. Yóò tó nǹkan bí ọjọ́ 7 kí ó tó débẹ̀. Ẹ fi sírínjì sílẹ̀ títí ọjọ́ wọ̀nyẹn yóò fi pé.

Ará Kubwa:
Mo ti bu ti òní kúrò. N ó mú ìwọ̀n tuntun wá síbí láàárọ̀ ọ̀la.