Ìrántí kọ́ ló kùnà, àyè ni kò gbà

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo rí àbá tó wà nílẹ̀ fún títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí Yorùbá: "àṣìṣe ìpín ìrántí" fún ohun tí Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ń pè ní MemoryError bí àyè kò bá tó o mọ́, àti "ẹ̀dà ìjìnlẹ̀" fún deepcopy, àṣẹ tó ń da nǹkan kọ pátápátá. Ẹ má bínú, méjèèjì kò bá etí mi mu.

Àtẹ nọ́ńbà kan, tí mo sọ ní a, ni mo gbé sínú NumPy, irinṣẹ́ ìṣirò inú Python: ìlà 40,000, òpó 40,000. Float64, irú nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, ń gba báìtì 8 lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà àtẹ yẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gígábáìtì 12 nínú 16 tí ẹ̀rọ mi ní. Bí mo ṣe ní kó ṣe a.copy(), ìyẹn kó da àtẹ náà kọ, ó dáhùn: "Unable to allocate 11.9 GiB", pé òun kò rí àyè gígábáìtì 11.9 yà sọ́tọ̀. Ta ló gbàgbé nǹkan níbẹ̀? Bí mo bá sọ fún ìyá mi pé "àṣìṣe ìrántí" dé bá mi, wọn á ní ṣé mo ti ń ṣarán ni. Ṣùgbọ́n "àyè ò gbà á" ni àwọn fúnra wọn ń sọ bí ẹrù bá kún búùtù ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àyè-ò-gbà. Odidi gbólóhùn ni Babátúndé náà, ó sì ti di orúkọ.

"Ìpín" náà kò tọ̀nà. Ohun tí wọ́n bá pín fún èèyàn ti di tirẹ̀. Nínú C, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, àyè tí àṣẹ malloc bá fúnni, àṣẹ free gbọ́dọ̀ dá a padà. Mo fara mọ́ "yà sọ́tọ̀" àti "dá padà". Mẹ́mórì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ mẹ́mórì, gbogbo ọlọ́jà fóònù ló mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni "ẹ̀dà". Bí mo bá kọ b = a, n kò ṣe ẹ̀dà kankan. Táíwò tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àjàní ni: èyí tó wù kẹ́ ẹ pè, ọmọ kan náà ló máa jẹ́ yín. Orúkọ kejì nìyẹn. a[:1000], ìyẹn ìlà 1,000 àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹ̀dà náà, fèrèsé tí a fi ń wo àtẹ kan náà ni. Ẹ yí nọ́ńbà kan níbẹ̀ padà, àtẹ a fúnra rẹ̀ ti yí padà. Àmọ́ a[[1, 5, 9]], tó ń ṣa àwọn ìlà tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 1, 5 àti 9, ń da nǹkan kọ ní tòótọ́, ó sì ń jẹ àyè. Ibẹ̀ ló ti ń mú ọ̀pọ̀ wa. Fèrèsé ló tán ìṣòro tèmi, n kò nílò ẹ̀dà rárá.

Ní ti deepcopy, "ìjìnlẹ̀" létí Yorùbá jẹ mọ́ ọgbọ́n àti ọ̀rọ̀ awo. Lórí list Python (kì í ṣe àtẹ NumPy), copy lásán ń fún wa ní apẹ̀rẹ̀ tuntun, ọjà inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́: ẹ̀dà òde. Deepcopy ń da apẹ̀rẹ̀ àti ọjà inú rẹ̀ kọ: ẹ̀dà tinú-tòde.

Fèrèsé nìkan ló ń kọ mí lóminú, nítorí àwọn kan ti ń fi pe ojú iṣẹ́ tó ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Ta ló ní òmíràn?