Ibo la lè gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ fún ìsinmi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òṣogbo là ń gbé, a sì fẹ́ gba ìsinmi ọjọ́ 3. Ọmọ wa kò tíì pé ọdún 2. Ẹ má dárúkọ Igbó Ọ̀ṣun o, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ti mọ̀ wá tán! Erin Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀ ń pariwo, àmọ́ ìpele 7 ni omi tó ń dà láti orí òkè níbẹ̀ ní. Ta ni yóò pọn ọmọ gòkè? Ọmọ tó jẹ́ pé bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí, ó ti ki òkúta bọ ẹnu.

Ìkògòsì ni ọkàn tèmi fà sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọmọ kékeré débẹ̀, ṣé omi gbígbóná yẹn kò ní jó o lára? Àbí ká kúkú lọ wo ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn? Ó máa ń bì nínú ọkọ̀, ọ̀nà wo ló sàn?