Báwo la ṣe lè fi rédíò kékeré ṣàlàyé ohun tó dé bá Amelia Earhart?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ rédíò. Àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ fojú rí ọ̀kan nínú ohun tí kò jẹ́ kí Amelia Earhart, obìnrin awakọ̀ òfuurufú ará Amẹ́ríkà tó sọnù, rí erékùṣù Howland ní Òkun Pàsífíìkì ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ọdún 1937. Ó ní kí ọkọ̀ ojú omi Itasca fi àmì ránṣẹ́ lórí 7500 kHz. Ó gbọ́ ọ, àmọ́ kò rí ibi tí ohùn náà ti rẹlẹ̀, torí náà kò mọ apá ibi tó ti ń wá.

Lórí mídíọ̀mù wéèfù, kò le: ẹ yí rédíò, ohùn á rẹlẹ̀ nígbà tí orí ọ̀pá dúdú inú rẹ̀ bá kọjú sí ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́nká. (Ìta gbangba ni o, páànù orùlé máa ń dà á rú.)

Ṣọ́ọ̀tù wéèfù ló sú wa. A wé wáyà bàbà lẹ́ẹ̀kan péré yí pákó onígun mẹ́rin ká, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan 60 sẹ̀ǹtímítà, láti fi ṣe éríà, a so kọ̀ńdẹ́ńsà 365 pF tó ṣeé yí (òun la fi ń wá ìkànnì) mọ́ ọn. Ohùn wọlé dáadáa, kò rẹlẹ̀ níbì kankan. A gé wáyà tó wọ rédíò kúrú, ibì kan náà ló wà. Ilé-iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn là ń gbọ́, ìgbì rẹ̀ ń ti òkè sánmà bọ̀. Ibẹ̀ ni mo fura sí.

Ṣé ká fi wáyà éríà tẹlifíṣọ̀n ṣe é, ká gé awọ irin rẹ̀ lókè, àbí ẹ̀rọ kékeré tó ń fọ́n àmì nítòsí la nílò? Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ náà, mítà mélòó ló yẹ kó fi jìnnà sí éríà?